Ẹnu Mi, Etí Rẹ̀

Kàdúná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná ti lọ.
Nerimani tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì
kó tó gbé ìwé náà lé e, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.
Ìwé ìyá ìyá rẹ̀ ni, Behije, ará Ìsítáńbùlù,
tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀
nígbà tí lẹ́tà wọn ṣì ń ti ọ̀tún lọ sí òsì.
Ìjọba wá yí lẹ́tà padà.
Ọmọ-ọmọ dàgbà, kò lè ka ìyá àgbà.

Ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní Kakuri,
èmi ń bá a rán kọ́tìnì.
Ó gbọ́ pé ọmọ ààfáà Ìlọrin ni mí,
pé mo jókòó lórí ẹní nílé-kéú ní Tudun Wada,
wàláà lórí itan, títí orúnkún fi ń ta mí.
"Sídíkátù, ṣé o mọ àwọn wọ̀nyí?"
Mo mọ̀ wọ́n.
Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn:
èmi ni ẹnu, òun ni etí.
Kò sí àmì òkè, kò sí àmì ìsàlẹ̀ tí í fọ̀nà han ahọ́n,
mo ń tá ràrà bí ẹni ń rìn lókùnkùn nílé onílé.
Lẹ́tà kan ní ojú mẹ́ta nísàlẹ̀,
bàbá mi ò kọ́ mi ní irú èyí.
"Pé," ni Nerimani wí. Pé. Mo fi kún tèmi.
Bí mo bá pe ọ̀rọ̀ kan sódì, á bú sẹ́rìn-ín;
bí mo bá pe òmíràn, á dákẹ́,
á wá fi Háúsá tó kọ́ ní Kasuwan Barci sọ ọ́ fún mi:

Behije ní bàbá ọkọ òun fi ìwé àkọ́kọ́ dáná kọfí.
Ó ní òun jókòó, òun tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀,
òun sì fi bàbá ọkọ náà sí i.
Ó ní obìnrin mọ́kànlá pàdé nínú yàrá ilé-ìwé kan
lálẹ́ òjò, wọ́n fẹ́ dìbò,
wọ́n fẹ́ kí òfin mọ̀ wọ́n lórúkọ.
Òun ò sọ̀rọ̀. Àtùpà lòun gbé dání.
Ó kọ iye tí wọ́n ra kẹrosíìnì.
Ó kọ ọ́ pé apá ro òun.

Mo ní kí Nerimani dúró ná.

Lọ́dún 1959, àǹtí mi dìbò ní Ìwó,
ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Kàdúná, lẹ́tà ìyangàn.
Ní Kàdúná, obìnrin kì í dìbò.
Ìyá kan náà ló bí òun àti ìyá mi,
ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ló yàtọ̀.
Ogún ọdún ni ìyá mi fi dúró.
Ó tò láti ìdájí, ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì,
ó gbé e bọ̀ wálé bí ẹyin.
Ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ́ kí ọṣẹ kàn án.
Bàbá mi ní, "Àlùwàlá rẹ ńkọ́?"
Ó ní, "Ọlọ́run mọ̀wé."

Nígbà tó ku ojú ewé mẹ́rin, lẹ́tà yí padà.
Ó ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, ó tóbi, ó wọ́,
bí ìrìn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde.
Nerimani gbàwé lọ́wọ́ mi. Kò nílò mi mọ́.
Ètè rẹ̀ ń mì. Mo dúró, mo dúró.
"Kí ló wí?"
"Ó ní òun ti ń lọ sí ogójì ọdún,
òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun."

Iná dé. A ò tíì pa àbẹ́là.
Mo ká kọ́tìnì, mo fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá,
mo ń wo àtàǹpàkò ara mi.
Ìwé kan ṣoṣo tí ìyá mi kọ, ara ìka ló kọ ọ́ sí.
Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń fọ abọ́,
ó bómi lọ.